Jíìpù Tí Kò Gbọdọ̀ Sọ̀kalẹ̀

Kí n tó sọ bí Ọ̀gá Òkè ṣe bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe gòkè, torí ẹni tí kò bá gòkè kò níbi tí yóò ti já bọ́. Ẹ má kán mi lójú. Ọ̀rọ̀ yìí dùn, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fi ìkánjú gbé e mì.

Ọ̀gá Òkè kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó ojú títì nílùú wa, ọkùnrin kan tí kò ga tí kò kúrú, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá bí ìránṣẹ́ tó fẹ́ wò ó bóyá àwọn ènìyàn ti dìde. Ọdún méje ló ti wà lórí àga náà. Láàárín ọdún méje yìí, kò sí kòtò kan tó dí, àmọ́ kò sí ìpàdé kan tí kò ti sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kó kàn kí àwọn ènìyàn káàárọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á sọ ìtàn bí wọ́n ṣe dá kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, á sọ ti ọ̀dà, á sọ ti afárá, nígbà tí yóò bá fi dórí "ẹ káàárọ̀", oòrùn ti wà láàárín orí.

Lọ́jọ́ kan, jíìpù ilé iṣẹ́ tó ń gbé e kiri dúró níbi iná tó ń darí ọkọ̀. Lọ́rì kan tó kó adìẹ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adìẹ funfun kan yọ orí jáde nínú àgò, ó wo ọ̀gá wa látòkè délẹ̀, ó fi orí sọ́tùn-ún, ó fi orí sósì, bí adìẹ ṣe máa ń ṣe tí ohun tó rí kò bá jọ ọ́ lójú. Iná yí padà, lọ́rì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọkàn ọ̀gá wa kò kúrò níbẹ̀. "Adìẹ!" ló ń tún sọ títí tó fi délé. "Adìẹ ló wò mí látòkè báyẹn!" Kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, torí adìẹ ló wà nínú ọbẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń ta ọ̀ṣọ́ ọkọ̀, ó ní kó gbé jíìpù náà sókè. Ọkùnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ òdòdó mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná aláwọ̀ búlúù sábẹ́ rẹ̀, kò sì mọ ohun mìíràn. Ó yọ sípíríìn tó wà ńbẹ̀, ó fi èyí tó gùn sí i, ó ki irin gbàǹgbà bọ abẹ́ wọn, ó wá wọ táyà tó ga dé ìbàdí ènìyàn fún un. Nígbà tó ṣe tán, jíìpù náà ti fi ínǹṣì mẹ́fà ga ju bí àwọn tó ṣe é ṣe gbé e jáde lọ.

Wọ́n ṣí aṣọ lójú jíìpù náà nínú ọgbà ilé iṣẹ́, bí ẹni ń ṣí ilé ìwòsàn. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi Akọ̀wé hàn yín: òun ni ọkùnrin tó máa ń dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni sà" kí ọ̀gá tó lanu. Ó ní lójú òun, kì í ṣe ọkọ̀ ni wọ́n gbé sókè, ìlú ni. Ọ̀gá wa wá gun àpótí onípele mẹ́ta tí wọ́n kàn fún gígòkè rẹ̀, ó wọ inú jíìpù, ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ló wí, "aṣáájú tí kò bá ríran ju àwọn tó ń tẹ̀ lé e lọ, afọ́jú tó wọ kóòtù ni. Láti òní lọ, èmi yóò máa rí kòtò kí kòtò tó rí mi! Kò tún sí ẹ̀dá abìyẹ́ kan tí yóò wo ilé iṣẹ́ yìí ní ìwòkuwò!"

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹ̀dá abìyẹ́ ń wá nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ pàtẹ́wọ́ títí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà jáde: Ọ̀gá Òkè. Àwọn ará ìlú fi ń bú u ni. Òun rò pé oríkì ni.

Ẹni tó ń wa ọ̀gá náà kiri ni àgbàlagbà kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Dírẹ́bà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń wakọ̀ fún ilé iṣẹ́ náà, ọ̀gá mẹ́rin ló ti wà ṣáájú eléyìí, kò sì tíì fi ọkọ̀ gbá ohunkóhun rí àfi géètì kan tí atẹ́gùn ṣí lójijì. Kò ju máìlì kan lọ tó wa jíìpù gíga náà tó fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Tó bá yí sítíárì sósì, ọkọ̀ á yà sósì, àmọ́ tó bá dẹwọ́, sítíárì kò ní padà wá sáàárín mọ́. Á dúró sósì bí ẹni tó ń bínú. Lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọnrangandan, Bàbá ń fà á sọ́tùn-ún, ó ń fà á sósì, bí ẹni tó ń fa àgbò tí kò fẹ́ bá a lọ. Nígbà tí wọ́n wá dé orí afárá tó wà lẹ́nu ìlú, níbi tí irin afárá àti ọ̀dà ti pàdé, iwájú ọkọ̀ gbọ̀n rìrì. Sítíárì ń fò lọ́wọ́ Bàbá. Eyín ọ̀gá ń kọ lura wọn. Bàbá rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, irin tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, ó di sítíárì mú ṣinṣin láìbá a jà, títí gbígbọ̀n náà fi lọ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Bàbá wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà, "ọkọ̀ yìí ò gbọ́ràn mọ́. Mo ń darí rẹ̀, òun náà ń darí mi."

"Dírẹ́bà, ṣé o mọ iye ọdún tí mo fi kàwé?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

"Ká ní o mọ̀ ọ́n ni, o ò ní sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Jíìpù mi kì í yẹ̀. Ọ̀nà ló ń yẹ̀."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀!" ni Akọ̀wé wí láti ìjókòó ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì fọwọ́ méjèèjì di ìjókòó iwájú mú. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí ọ̀nà yẹn."

Bàbá ò jiyàn. Nígbà tí ọ̀gá wọ ìpàdé, ó wa jíìpù náà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Aláìmẹ́ǹtì.

Obìnrin yìí ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ. Lábẹ́ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló ti ń ṣiṣẹ́, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Kì í tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kì í tún iná ọkọ̀ ṣe. Ohun tó bá ti jẹ mọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn lójú ọ̀nà, táyà, sítíárì àti gbogbo irin tó so wọ́n pọ̀, tirẹ̀ nìyẹn. Títo táyà kó lè máa lọ tààrà, tí wọ́n ń pè ní aláìmẹ́ǹtì, ló sọ ọ́ lórúkọ. Ìwà rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń bí àwọn oníbàárà nínú ni pé kì í sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò tíì wò.

Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ jíìpù. "Bàbá, ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí sítíárì sọ́tùn-ún díẹ̀. Ẹ yí i sósì. Ẹ tún un ṣe. Ẹ má dúró." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdí irin kan tó dábùú lábẹ́ ọkọ̀, bí ẹni ń wo ibà lọ́rùn ọmọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ pa á. Ẹ wá wò ó fúnra yín."

Bàbá dùbúlẹ̀ tì í.

"Ọ̀pá yìí ló so táyà iwájú mọ́ ara ọkọ̀ kó má bàa máa rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe é, ó dùbúlẹ̀ gbalaja ni. Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, wọn ò gbé e sókè pẹ̀lú ọkọ̀, ó wá di àkàbà. Tí ọkọ̀ bá rì tó bá sọ, á máa wọ́ táyà sọ́tùn-ún sósì. Rọ́bà etí rẹ̀ sì ti jẹ tán, ihò tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wọ̀ ti fẹ̀. Ibẹ̀ ni gbígbọ̀n yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Sítíárì tí kì í padà ńkọ́?"

"Ẹ wo kẹ̀kẹ́ ológeere. Irin tó di táyà iwájú rẹ̀ mú kì í nàró ṣánṣán, ó máa ń fẹ̀yìn tì díẹ̀. Òun ló jẹ́ kí èèyàn lè fọwọ́ sílẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ á ṣì máa lọ tààrà. Táyà jíìpù yìí náà fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gbé e sókè ti tì í nàró. Kò mọ̀nà ilé mọ́."

"Ṣé ó ṣeé ṣe?"

"Ọjọ́ mẹ́ta. Màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́rin, màá pààrọ̀ rọ́bà àti nọ́ọ̀tì, màá gbé ìdí ọ̀pá yẹn síbi tó yẹ, màá wá to táyà. Ínǹṣì méjì tó bá kù, ẹ lè fi ṣe fáàrí."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ìyá, sísọ̀kalẹ̀ yẹn ni kò ní gbà."

"Jíìpù ni kò ní gbà, àbí ọ̀gá?"

Ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, ó sì gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kó jókòó sórí àga kúkúrú kan tí wọ́n dìídì gé lẹ́sẹ̀ fún àwọn àlejò. Ọ̀gá Òkè wà lẹ́yìn tábìlì, lórí àga tí òun náà ti ga sí i láti ọjọ́ adìẹ.

"Arábìnrin," ló wí, "o dìde láti ilé rẹ, o gba inú oòrùn kọjá, o wọ ọ́fíìsì mi, láti wá sọ fún mi pé kí n sọ̀kalẹ̀?"

"Rárá o, sà. Ọkọ̀ ni mo ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Táyà iwájú rẹ̀ yẹ kó fẹ̀yìn tì."

Ọ̀gá fò dìde. "Fẹ̀yìntì? Ta ló ń fẹ̀yìntì?"

"Kò sẹ́ni tó ń fẹ̀yìntì níbí, sà!" ni Akọ̀wé pariwo, ó sì yára ti ilẹ̀kùn, bí ẹni pé ìwé ìfẹ̀yìntì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ìyá tó lè ṣàlàyé pé táyà lòun ń wí. Ọ̀gá padà jókòó, ó nu ojú. "Ṣé kò sí nǹkan tí wọ́n lè fi pa gbígbọ̀n yẹn lẹ́nu láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀?"

"Ṣọ́kì kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ sítíárì. Gbígbọ̀n á dínkù. Àmọ́ àìsàn ò lọ o, sà, ẹ kàn fọwọ́ bò ó lẹ́nu ni. Lọ́jọ́ tó bá máa ké, gbogbo ìlú ló máa gbọ́."

"Fi méjì sí i!"

"Èmi ò ní fi ọ̀kan sí i, sà. Ènìyàn máa ń jókòó nínú ọkọ̀."

Ó dìde lórí àga kúkúrú náà, ó kí wọn, ó lọ. Ọ̀gá Òkè mú bírò pupa, ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí lẹ́tà náà pé: "Èmi kò sọ̀kalẹ̀. Kí ọ̀nà tún ara rẹ̀ ṣe." Nígbà tí Akọ̀wé kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kò yẹ kó wà nínú fáìlì. Ó fi dígí sí i lójú, ó fi kọ́ ògiri gbọ̀ngàn.

Ọkùnrin tó ń ta ọ̀ṣọ́ ọkọ̀ ló wá fi ṣọ́kì méjì náà sí i. Ní òótọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, jíìpù náà kò gbọ̀n. Ọ̀gá Òkè ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ yíyẹ̀ tó ń yẹ̀ kò lọ. Bí wọ́n bá ti ń lọ báyìí, ọkọ̀ á rọra fi ìlà funfun àárín títì sílẹ̀, á sún mọ́ ẹlòmíràn, Bàbá á fà á padà. Ọ̀gá bá yan ìgbìmọ̀ kan, ó pè é ní Ìgbìmọ̀ Tó Ń Wádìí Ìwà Ọ̀nà. Ìgbìmọ̀ jókòó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìdájọ́ tí wọ́n mú jáde nìyí, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀: jíìpù ẹni tó kàwé kò lè fi ìlà sílẹ̀, nítorí náà, ìlà ló ń fi jíìpù sílẹ̀. Kí wọ́n pa ìlà náà rẹ́. Kí wọ́n fa tuntun. Kí jíìpù máa lọ níwájú, kí àwọn akunlé máa kùn ún tẹ̀ lé e.

"Sà," ni Bàbá Dírẹ́bà wí, "tí wọ́n bá tẹ̀ lé jíìpù yìí, ìlà yẹn á wọ́ bí ejò. Ẹ̀mí ènìyàn wà lójú títì. Mi ò lè wà á níwájú wọn."

Ni wọ́n bá ní ọwọ́ Bàbá ló ń gbọ̀n. Wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n gbé ife omi tó kún dẹ́nu lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó dúró bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá tán. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi kà á. Bàbá dúró. Ẹ̀kán omi kan ò dà. Ìgbìmọ̀ wojú ara wọn, wọ́n ronú jinlẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbàlagbà náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ gbígbọ̀n pamọ́, èyí tó burú ju kó máa gbọ̀n lọ. Wọ́n lé e.

Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ jíìpù lápò, ó fi áńkáṣíìfù nù ún, ó rọra gbé e lé tábìlì. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé tó tètè dé. Ó ní, "Wọ́n ní ọwọ́ mi ń gbọ̀n." Ìyàwó di ọwọ́ náà mú nínú tirẹ̀, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọ̀gá Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í wa ara rẹ̀. Àwọn akunlé tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ká ní ẹ rí ìlà náà! Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa níwájú ilé ìfowópamọ́, ó yà lọ kí télọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù olóògùn bí ẹni tí orí ń fọ́, ó wá rántí nǹkan, ó padà sáàárín títì. Ọjọ́ méjì ni ìlú fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, lọ́rì tó kó tòmátì àti lọ́rì tó kó bíríkì pàdé níwájú télọ̀, oníkálukú ní òun wà ní apá ọ̀tún òun, ìlà sì jẹ́rìí sí ti àwọn méjèèjì. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú. Àmọ́ tòmátì ṣàn lójú títì títí dé ọ̀nà ilé ìwé, àwọn òbí sì kọ̀wé sí Kọmíṣánnà tó ń mójú tó iṣẹ́ òde ní olú ìlú.

Kí Kọmíṣánnà tó dé, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí Ọ̀gá Òkè kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ń sọ ọ́ fún yín.

Ó fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó gun ìpele kìíní àpótí náà, ó fọwọ́ di orúnkún, ó gun ìkejì, ó ń ké pe gbogbo àwọn tó ti kú nínú ẹbí, kó tó jókòó. Ní orí afárá, ṣọ́kì méjì náà, tí òróró ti ń jò lára ọ̀kan wọn, kò lè dá nǹkan dúró mọ́. Jíìpù bú sí gbígbọ̀n. Gíláàsì ojú Màmá fò bọ́ sílẹ̀. Orí rẹ̀ ń lu ìjókòó. Ọ̀gá Òkè kígbe, ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ kúrò lórí iná fún ìbẹ̀rù, ọkọ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúró.

Màmá fọwọ́ wá gíláàsì rẹ̀ rí nílẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí, "ta lò ń wò látòkè yìí?"

Ọ̀gá nawọ́ láti bá a nu gíláàsì náà, àmọ́ Màmá ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Gbé mi sọ̀kalẹ̀. Mo ti ga tó báyìí." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà náà, kò sì jẹ́ kó tẹ̀ lé òun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò ní purọ́ fún yín kí ìtàn lè dùn: ọkùnrin náà mọ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn ló ti mọ̀. Ó jókòó sínú jíìpù lẹ́bàá ọ̀nà. Ó tan ọkọ̀, ó rọra wà á dé oríta tó lọ sọ́dọ̀ Ìyá Aláìmẹ́ǹtì. Ó tilẹ̀ tan iná pé òun fẹ́ yà. Ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe lẹ́bàá ọ̀nà gbójú sókè, ó rí i, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí i. "Ọ̀gá Òkè! Ẹ̀yin lẹ ríran o!" Ọ̀gá wa juwọ́ sí i. Ó sì pa iná náà, kò yà mọ́.

Kọmíṣánnà dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó dúró níwájú télọ̀, ó wo ìlà.

"Kí ló dé tí ìlà yìí fi wọ́?"

"Kò wọ́, sà," ni Ọ̀gá Òkè dá a lóhùn. "Ó ń bọ̀wọ̀ fún ìrísí ilẹ̀ ni. Ìlà àtijọ́ jẹ́ ìlà agbéraga, ó kàn ń lọ tààrà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Eléyìí jẹ́ ìlà onírẹ̀lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi wà yín lórí rẹ̀, ẹ ó sì rí i bí ọkàn yín yóò ṣe balẹ̀."

Wọ́n gbé Kọmíṣánnà gun àpótí. Akọ̀wé wọ ẹ̀yìn. Ọ̀gá Òkè wakọ̀ tààrà sí ẹnu ìlú, ọwọ́ kan lórí sítíárì, èkejì lókè nínú ọ̀rọ̀. "Mo ti sọ fún àwọn ènìyàn mi," ló ń wí, "pé ìdàgbàsókè dà bí ọkọ̀ gíga, ẹni tí kò bá—"

Ibi tí wọ́n ti dé orí afárá nìyẹn.

Kì í ṣe gbígbọ̀n ni mo lè pè é. Sítíárì já gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lu àtàǹpàkò rẹ̀. Gbogbo iwájú jíìpù ń jó. Ọ̀gá Òkè fi gbogbo agbára tẹ bíríìkì, ó wá burú sí i. Akọ̀wé ń pariwo pé "bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà," torí kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Jíìpù fi títì sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn afárá, ó gba àárín igbó kúkúrú kọjá, ó sì lọ rì gbì sínú ẹrẹ̀ níbi tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ti ń da omi wọn sí. Ẹrẹ̀ mu ún dé ilẹ̀kùn. Ó wá ga bí ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Olórí àwọn tó ń fọ ọkọ̀, tó di kànìnkànìn mú lọ́wọ́, sún mọ́ fèrèsé, ó tẹrí ba.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé inú àti ìta la máa fọ̀?"

Kọmíṣánnà jáde sínú ẹrẹ̀ tó mu ún dé orúnkún. Kò fara pa. Ọ̀gá Òkè ní, "Sà, ṣé ẹ rí bí afárá yẹn ṣe gbọ̀n?"

"Ta ló mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí?"

Wọ́n lọ pe Ìyá Aláìmẹ́ǹtì. Nígbà tí wọ́n fi okùn fa jíìpù jáde, ó wọ abẹ́ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, kò tẹ́ páálí. Ó jáde pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó ti kán sí méjì, ó gbé e lé Kọmíṣánnà lọ́wọ́. "Òun nìyí, sà. Mo ti sọ ọ́ nínú lẹ́tà."

"Lẹ́tà wo?"

Ọ̀gá Òkè la ẹnu láti sọ pé kò sí lẹ́tà. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé, tí kì í jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ parí ọ̀rọ̀, ti dáhùn: "Ó wà lára ògiri, sà! Nínú dígí!" Ó gun alùpùpù, ó lọ gbé e wá, ó sì nu eruku ojú rẹ̀ kó tó fi lé Kọmíṣánnà lọ́wọ́. Kọmíṣánnà ka ti Ìyá tán. Ó ka èyí tí wọ́n fi bírò pupa kọ sórí rẹ̀. Ó tún un kà sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?"

"Sà, ó jẹ́ àkànlò èdè..."

"Ó dáa. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ ti sọ̀kalẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Akọ̀wé ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń fura sí jíìpù yẹn.

Wọn ò lé ọkùnrin náà kúrò níṣẹ́ pátápátá. Wọ́n gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, sí yàrá ọ̀dà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì fún un ni kó dúró ti àwọn tó ń ha ìlà wíwọ́ náà kúrò lójú títì. Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín, láti ilé ìfowópamọ́ dé afárá. Níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn, wọ́n fún un ní ìjókòó àti omi, torí oòrùn mú. Kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ara rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín.

Bàbá Dírẹ́bà gba lẹ́tà pé kó padà síṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ láti olú ìlú. Ìyá Aláìmẹ́ǹtì lo ọjọ́ mẹ́ta tó sọ, kò lo mẹ́rin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, àwọn méjèèjì gbé jíìpù náà jáde láti dán an wò. Wọ́n gun afárá, wọ́n sọ̀ ọ́. Kò sí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà tó tọ́ tí kò sí ọkọ̀ níwájú tí kò sí lẹ́yìn, Ìyá ní, "Ẹ fọwọ́ sílẹ̀." Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò, ó gbé wọn lé itan. Jíìpù ń lọ tààrà. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó dúró jẹ́ẹ́ lórí itan, ó wá nu ojú, ó ní eruku ni. Fèrèsé ọkọ̀ sì wà ní pípadé. Ìyá wo ìta, ó jẹ́ kó jẹ́ eruku.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ kékeré kan wọ abẹ́ páànù Ìyá, ó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ níwájú. Ọ̀gá àtijọ́ ló jáde nínú rẹ̀, ọkọ̀ tara rẹ̀ ni. Ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ yí iyẹ̀pẹ̀.

"Ìyá, ẹ káàsán. Ó ń dún."

"Ẹ kú ìrìn, sà. Mo gbọ́ ọ." Ó tẹ́ páálí méjì sílẹ̀. "Ẹ wá wò ó fúnra yín."

Ọkùnrin náà wo páálí, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó wo ojú títì bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó dùbúlẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn wọ́ wọlé. Òkùnkùn wà lábẹ́ ibẹ̀, òróró ń rùn, Ìyá sì ń fi tọ́ọ̀ṣì hàn án níbi tí rọ́bà ti là.

"Eléyìí?" ló bi í. "Eléyìí kékeré yìí ló ń pariwo tó bẹ́ẹ̀?" Mo lè búra fún yín pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi ènìyàn láti ọdún méje wá nìyẹn, tó sì dúró gbọ́ èsì.

Ìyá ṣàlàyé. Ó fetí sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan rọ́bà náà. Ó ní òun ti gbọ́ ọ yé. Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn yìí parí sí, à bá pè é ní ìrònúpìwàdà, à bá sì jọ sunkún díẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà mìíràn wọlé, ọkùnrin kan tí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń fà sósì. Kò tíì kí ènìyàn tán tí ohùn kan fi jáde lábẹ́ ọkọ̀ kékeré náà, tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ará, sún mọ́ ibí! Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti wádìí ọ̀rọ̀ rọ́bà láti ìdí dé orí, jẹ́ kí n là ọ́ lóye. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá kẹ̀kẹ́ sílẹ̀..."

Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù wo ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta, ó wo Ìyá. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki sípánà ńlá kan bọ abẹ́ ọkọ̀.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ bá mi di ìdí nọ́ọ̀tì yẹn mú kó má yí. Ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ."